Ohun Tó Bá Yí, Yóò Padà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ó bá ní ìkòkò lórí iná, kí ó lọ yọ igi lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó jókòó tì mí, nítorí ìtàn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ìdajì etí gbọ́. Olóyè Àlàmú Ọlọ́runnísọ̀lá ni orúkọ rẹ̀. Òun ni Alábòójútó Àgbà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ẹkùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ọkùnrin náà mọ̀, n ó ní ó mọ bí a ti ń jókòó. Àga rẹ̀ ga ju àga ẹnikẹ́ni lọ, ó sì ti ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ àga àwọn àlejò kúrú díẹ̀, kí ẹni tí ó bá wá rí i lè máa gbójú sókè bí adìyẹ tí ń mu omi.

Ní àràárọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá ti fun fèrè ní géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kabir, akọ̀wé rẹ̀, á kéde pé ọmọ̀ràn tí í mọ oyún ìgbín nínú ìkarahun ti dé. Àwọn yòókù á dáhùn pé kí ó pẹ́ fún wa. Olóyè á kàn gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀ bí ẹni tí ń lé eṣinṣin, á sì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kabir yóò ṣí àpò awọ kan, á fi ọwọ́ méjèèjì mú ìwé tí ìjọba fi gbé Olóyè ga sí ipò náà jáde, á sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan nọ́ńbà fáìlì. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń kà á. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí, ó sì máa ń bá wọn ṣe àmín níbi tí kò sí àdúrà. Olóyè kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé náà rí. Ó ní a kì í ṣe ẹ̀dà ògo.

Ní sáà kejì ọdún ẹ̀kọ́, Olóyè lọ ṣe àbẹ̀wò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kan lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti aago méje ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti kó àwọn ọmọ síta sínú oòrùn, aago mọ́kànlá ni àlejò dé. Ó kí wọn fún wákàtí kan gbáko. Ọmọ méjì dákú lórí ìlà, Olóyè sì ní kí wọ́n má dààmú, pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún wọn. Nígbà tí ó sọ tán, ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí bí wọ́n ti ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ni wọ́n bá mú un lọ sí kíláàsì tíṣà kan tí ń jẹ́ Asiyah.

Asiyah kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba kò sì tíì fún un ní ìwé tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta tó kù bá kọjá láìsí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀, iṣẹ́ di tirẹ̀ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹjọ́ bá wà, ó di ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí rẹ̀ ni ó dúró lé.

Lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òrí wà nínú abọ́, ìwé pélébé-pélébé wà, ọṣẹ dúdú kan sì wà pẹ̀lú. Ó ti yọ́ òrí náà lórí àbẹ́là, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ti dì. Ó fa ìwé kan ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ní ìwé ṣì ni, bí kò tilẹ̀ dùn ún kọ nǹkan sí mọ́. Ó wá fi iná ran òmíràn, ó ní èyí kì í ṣe ìwé mọ́, apá kan ti bá èéfín lọ, apá kan ti di eérú. Ó ní oríṣi ìyípadà méjì nìyẹn. Ọ̀kan, ìrísí nǹkan ló yí, nǹkan náà ṣì jẹ́ ara rẹ̀. Èkejì, nǹkan ti di nǹkan mìíràn. Ó gbé ọṣẹ sókè, ó ní ìyá ìyá òun ló sè é ní Iresa, ó ní àdín àti omi eérú ni wọ́n pò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá lè rí ẹ̀kán àdín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ báyìí na ọwọ́. Kò sí ẹni tí ó na ọwọ́. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ìfẹ́olúwa béèrè bóyá ìwé tó jóná kò lè padà di ìwé mọ́, Asiyah sì ní kò lè padà mọ́.

Olóyè wúkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òtútù ló ń fà á.

"Tíṣà, kí lo pe nǹkan yìí?"

"Ìyípadà ni, sà."

"Ya á sí méjì kí n gbọ́."

"Ìyí… padà, sà."

"Yí. Padà. Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ ń wí? Àwọn baba wa kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ní ó yí, wọ́n sì ní ó padà. Bí kò bá ní í padà ni, ìyílọ ni wọn ì bá pè é."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́. Kabir, tí ó gbé àpò awọ sí abíyá, kọ ìyílọ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Asiyah kúnlẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n tọ́ ni, ó ní kí bàbá má bínú, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìyẹn, ìwé orí tábìlì yìí ṣì jóná. Olóyè rẹ́rìn-ín ìyọ́nú. Ó bi í bóyá kò gbọ́ rí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní ṣé ilé náà padà ni, àbí kò padà?

"Ilé mìíràn ni wọ́n kọ́, sà," ni Asiyah dáhùn.

Láti ẹ̀yìn, ọmọ kan rẹ́rìn-ín, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ Asiyah kò dun Olóyè tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò yé e. Ẹ̀rín yẹn ló wọ̀ ọ́ lára.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, sákúlà kẹtàdínlógún ti jáde láti Ọ̀yọ́. Ojú ìwé mẹ́rin ni, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ oyè Olóyè. Èyí tó kù pàṣẹ pé láti òní lọ, ní gbogbo ẹkùn, ohun tó bá yí, yóò padà. Ó mú ẹ̀rí wá láti inú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, pé òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsù ló ṣe ìrésà. Ó ní ìdánwò àpapọ̀ ẹkùn tó ń bọ̀ yóò bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè nípa rẹ̀, ẹni tí ó bá kọ pé ìwé tó jóná kò lè padà, òdo ni. Ó sì fòfin de ọ̀rọ̀ náà "jóná" nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó ní èdè àìnírètí ni. Kí wọ́n máa sọ pé nǹkan ń sinmi nínú eérú.

Ẹ má rò pé wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé ìdúpẹ́ lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ní òun kà á, òun sunkún, ìyàwó òun kà á, òun náà sunkún, ó ku àwọn ọmọ tí wọn kò tíì mọ̀wé kà. Òmíràn, tí iná ọyẹ́ ti ran ibi ìkẹ́rùsí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kọ̀wé béèrè tábìlì tuntun. Ó mọ òfin, ó kọ ọ́ pé ogójì tábìlì ni ó ń sinmi nínú eérú lọ́dọ̀ òun. Olóyè kọ èsì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé: "Ẹ ní sùúrù fún wọn."

Síbẹ̀, ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tí ó kórìíra àyẹ̀wò, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní kí Kabir lọ sun ún lẹ́yìn ọ́fíìsì, kí ó dá a padà, kí ó gbé e wá. Kabir jáde. Ó sun ìwé. Ó dúró ti eérú náà, ó ń wò ó, ó ń ronú nípa ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin àti ọ̀gá kan tí kò gba "kò ṣeé ṣe" rí. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìwé náà jáde láti inú fóònù rẹ̀ níbi tí ó ti yàwòrán rẹ̀ pamọ́ kí ó tó sun ún, ó sì gbé e wọlé tọ Olóyè. Ó ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ. Olóyè fọwọ́ kàn án, ó ní ooru iná náà rèé. Ó fi Kabir jẹ Ọ̀gá Ìdápadà Ẹkùn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú Kabir, ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ẹ̀yin náà ti wí fún ọ̀gá pé ó ti parí, nígbà tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò dé. Ọmọ méjìlélógójì ló wà ní kíláàsì Asiyah, àwọn méjìlélógójì ló kọ pé ìwé tó jóná kò lè padà. Òdo ni òfin ní kí ó fún wọn. Ó fún wọn ní máàkì wọn pé. Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà dé láti Ọ̀yọ́: kí ó fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ti kọ fún un, pé òun ti rí i báyìí pé ohun tó sinmi nínú eérú lè jí, kí ó sì kà á sókè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ẹkùn nínú gbọ̀ngàn ní Ọ̀yọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹjọ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, iṣẹ́ sì ti tán.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Sáà fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Bírò kì í pa ènìyàn." Ó ń fi inú rere sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló mú kí ó ṣòroó gbọ́. N kò ní sọ fún yín pé Asiyah gbójú bí kìnnìún. Ẹ̀rù bà á. Òun ni ó ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò méjì, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń wá iṣẹ́ kí ó tó rí èyí. Ó mú ìwé náà, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Iresa lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Ṣàngówùnmí, ó bá a níbi tí ó ti ń ro ọṣẹ lórí iná. Ó ka ìwé náà fún un. Màmá kò dáwọ́ ọṣẹ tí ó ń rò dúró.

"Wọ́n ní kí o sọ pé èyí lè padà di àdín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àwọn ọmọ tó gbọ́ òdìkejì rẹ̀ lẹ́nu rẹ, mélòó ni wọ́n?"

"Méjìlélógójì."

"Fọwọ́ sí i bó o bá fẹ́. N kò ní bá ọ jà, ebi kì í ṣe nǹkan eré. Ṣùgbọ́n ojú wo lo máa gbé dúró níwájú wọn lọ́jọ́ kejì?"

Asiyah sunkún níbẹ̀, ó ní èéfín ló ń ta òun lójú. Ìwé náà ṣì wà láìní ìfọwọ́sí nígbà tí ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọjọ́ gbọ̀ngàn pé. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba rán àwọn ayẹ̀wéwò wá láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ wọn kò ju kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ojúlówó ìwé tí wọ́n fi gbà á tàbí tí wọ́n fi gbé e ga wá, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n fi àmì sí i. Ẹni tí kò bá ní ojúlówó, kò ní ipò. Àlàájà Marufat ni olórí wọn, obìnrin kúkurú kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn, tí kì í sọ̀rọ̀ kíákíá. Olóyè yọ̀ pé ó dé. Ó ní ìlú Ìbàdàn yóò rí i báyìí bí a ti ń tẹ tíṣà aláfojúdi ba.

Ó dìde, ó tún agbádá ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní:

"Ẹ̀yin ènìyàn ẹkùn mi, wọ́n ti ní òkun ìmọ̀ ni mí. Mo kọ̀ ọ́. Òkun ní èbúté, èmi kò ní. Wọ́n ní òkè ni mí. Òkè ni ewúrẹ́ ń gùn, ewúrẹ́ wo ló gùn mí rí? Lónìí, ọmọdébìnrin kan dúró níwájú yín, ó ní nǹkan lè lọ kí ó má padà. Ṣé owó oṣù yín kì í lọ kí ó padà? Ṣé iná mọ̀nàmọ́ná kì í lọ kí ó padà?"

Àwọn ènìyàn wo ara wọn nígbà tí ó kan iná mọ̀nàmọ́ná, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pe Asiyah síwájú, ó ní kí ó ka ìwé rẹ̀. Asiyah ní òun kò fọwọ́ sí i, òun kò sì lè kà á, kí wọ́n dárí jì òun. Olóyè mi orí bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Inú rẹ̀ dùn dé ìdodo. Ó ní kò burú, òun yóò fi hàn án. Ó ní kí Kabir mú àpò awọ wá. Ó yọ ìwé ìgbéga rẹ̀ jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i, ó sì béèrè ìṣáná.

Àlàájà Marufat gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Olóyè, ṣé kì í ṣe ìyẹn ni mo wá wò?"

"Òun gan-an ni, Àlàájà. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó wò ó: kí ó tó lọ, àti nígbà tó bá padà."

Asiyah ni ó sáré sún mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ tí ó ń bẹ ẹni tí ó fẹ́ gbà á, pé kí bàbá má sun ún, pé kí ó kúkú fà á ya, èyí tí a fà ya ṣeé lẹ̀. Olóyè ní kí ó lọ jókòó. Ó ṣá iná, ó fi ran ìwé. Ó jó dáadáa, nítorí ìwé ìjọba tó dára ni. Nígbà tí ó jó dé orí nọ́ńbà fáìlì, iná kàn án ní ìka, ó jù ú sínú àwo, ó sì yíjú sí akọ̀wé rẹ̀.

"Ọ̀gá Ìdápadà, dá a padà."

Kabir kò sí lórí ìdúró. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn àga, àyà rẹ̀ lé ilẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé èyí ọjọ́sí, láti inú fóònù ni òun ti tẹ̀ ẹ́ jáde, pé òun yàwòrán rẹ̀ kí òun tó sun ún, pé Olóyè kò sì jẹ́ kí òun ya àwòrán èyí rí. Olóyè ní kí ó dìde, kí ó tún gbìyànjú. Ó ní bóyá eérú náà kò tíì tutù ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó eérú náà jọ sójú kan nínú àwo, ó dúró tì í.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Àlàájà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dà sákúlà kẹtàdínlógún lọ́wọ́. Àádọ́ta ọwọ́ ló na án sí i. Ó kà á tán pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pa á pọ̀.

"Olóyè, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí èyí, ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé yín kò jóná nígbà náà, ó ń sinmi ni. A fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ó fi sinmi tán. Ẹjọ́ tíṣà yìí náà yóò dúró títí tí ìwé yóò fi jí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ní ọjọ́ kejì, mọ́tò Olóyè fun fèrè ní géètì, obìnrin tí ń gbálẹ̀ nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀ kí òun lè gbá abẹ́ rẹ̀. Kabir ti gba ìwé àìsàn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sunkún pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kọ lẹ́tà mìíràn pé òun kò mọ̀wé kà dáadáa nígbà náà, ojú ń dun òun. Olóyè da eérú náà sínú agolo mílíìkì, ó ń gbé e kiri. Ó gbìyànjú omi. Ó gbìyànjú oòrùn. Ó fi ọjọ́ méjì gbé e sínú fìríìjì, nítorí ó ti gbọ́ pé òrí máa ń dì níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó gba Ìbàdàn lọ. Àlàájà Marufat gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún un ní omi, ó sì fi ọ̀nà hàn án. Ẹ̀dà ìwé náà wà nínú fáìlì ìjọba, wọ́n lè fún un ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i, pé ojúlówó ti ṣègbé, kò sì lè padà mọ́ láé. Sákúlà kò sì gbà á láyè láti kọ bẹ́ẹ̀. Àfi bí ó bá kọ́kọ́ fagi lé sákúlà náà. Bí ó bá sì fagi lé e, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun fi òdo fún ọmọ àwọn ènìyàn lórí ohun tí òun kò mọ̀, àwọn ará Ìbàdàn yóò sì ní láti wo ìyẹn. Olóyè bi í léèrè èwo ni kí òun ṣe. Àlàájà ní kí ó mu omi rẹ̀.

Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá pé láìsí ìwé, kò ní ipò. Bí ó bá sì kọ̀wé, ọ̀rọ̀ di ti àwọn tó ń ka ìwé náà. Ó yan ìwé kíkọ. Ìgbà tí ó jókòó láti kọ ọ́ ló rí i pé òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ kọ. Kò mọ ìdí tí òrí fi ń padà tí ìwé kì í fi í padà. Ọdún mẹ́ta ni ó fi jẹ́ olórí gbogbo tíṣà sáyẹ́ǹsì láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì béèrè rí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó dé ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn Ọjà Igbó láìsí ẹni tí ó kéde rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá àwọn tíṣà, ó ní kí Asiyah jọ̀ọ́ máa pe ọ̀rọ̀ ìwé náà fún òun, kí òun máa kọ ọ́. Asiyah lè kọ̀. Mo mọ àwọn kan tí wọn ì bá kọ̀, tí wọn ì bá sì kọrin lé e. Ó fa àga kan sún mọ́ ọn, ó ń pè é bí ó ti ń pè é fún àwọn ọmọ, ní díẹ̀díẹ̀. Olóyè yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń kọ ọ́:

"Èmi ni mo fọwọ́ sí sákúlà kẹtàdínlógún, mo sì fagi lé e lónìí. Òrí tó yọ́, òrí ṣì ni. Ìwé tí a fà ya, ìwé ṣì ni. Ìwé tó jóná ti di nǹkan mìíràn, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Àwọn ọmọ tó kọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò ló gbà á. Tíṣà wọn kò jẹ̀bi."

Nígbà tí ó kọ "jẹ̀bi" tán, ó gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ó sì dàgbà ju bí ó ti rí nínú gbọ̀ngàn lọ. Ó béèrè pé, "Tíṣà, bí mo bá fi èyí ránṣẹ́, ṣé n ó padà sórí àga mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe Asiyah, ó tilẹ̀ fẹ́ sọ pé bóyá. Ó wá rántí ìbéèrè Màmá, ojú tí yóò gbé dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi, sà. Ṣé yíyọ́ lẹ yọ́ ni, àbí ẹ ti jóná?"

Olóyè tẹ orí ba, ó kọ ìbéèrè yẹn náà sílẹ̀. Ó rò pé ara ohun tí Asiyah ń pè fún òun ni. Ó kàn yí "ẹ" sí "mo," àtúnṣe kan ṣoṣo tí ó ti inú ọpọlọ tirẹ̀ jáde nínú gbogbo ìwé náà. Asiyah la ẹnu láti dá a dúró, ó tún pa á dé. Olóyè fọwọ́ sí i, ó pa á mọ́ inú àpò awọ, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni èsì dé láti Ìbàdàn, ẹ̀dà kan fún Ọ̀yọ́, ẹ̀dà kan fún Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí wọ́n dá máàkì gbogbo ọmọ tó gba òdo lórí ìbéèrè náà padà fún wọn. Ó ní ẹjọ́ kankan kò sí lọ́rùn Asiyah, kí wọ́n fún un ní ìwé ìfẹsẹ̀múlẹ̀ rẹ̀ bí àkókò bá tó. Nísàlẹ̀ pátápátá, Àlàájà Marufat fi bírò ara rẹ̀ kọ ìlà kan sí Olóyè Àlàmú Ọlọ́runnísọ̀lá: "Nípa ìbéèrè tí ẹ fi parí ìwé yín, a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ti jóná, sà."